Ilé Ìsinmi Inú Igbó ní Ẹsẹ̀ Òkè

Àwa Yorùbá ní ìkíni fún ohun gbogbo. A ń kí ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ pé ẹ kú iṣẹ́, a ń kí ẹni tí ó jókòó pé ẹ kú ìjókòó, a sì ń kí ẹni tí ó ń sinmi pé ẹ kú ìsinmi. Ó hàn nínú èyí pé àwọn baba wa ka ìsinmi sí ohun tí ó yẹ kí á kí ènìyàn fún. Ọ̀rọ̀ ìsinmi náà ni mo fẹ́ bá yín sọ ní ìrọ̀lẹ́ òní. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ibi kan tí a kọ́ sínú igbó ní ẹsẹ̀ òkè, ní ilẹ̀ Èkìtì, àti ìdí tí ó fi yẹ kí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín lọ sùn níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo bí a ti ń gbé ìgbé ayé wa níhìn-ín. Ní nǹkan bí ọdún 1912 sí 1913 ni ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Port Harcourt, kí ọkọ̀ ojú omi lè máa kó èédú tí wọ́n rí ní agbègbè Enugu. Láti ọjọ́ náà títí di òní, ìlú iṣẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ nínú yín ń jí kí àkùkọ tó kọ, ẹ ń dúró de ọkọ̀ ní Rumuokwuta nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́, ẹ sì ń padà wọlé nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn. Ilẹ̀ ibí tẹ́jú bí àtẹ́lẹwọ́; kò sí òkè tí ènìyàn lè gbé ojú sí. Ní ìparí ọdún 2016, àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í rí èéfín dúdú tí ó ń balẹ̀ sórí aṣọ tí a sá, sórí fèrèsé, àti sínú ihò imú àwọn ọmọdé, ọ̀pọ̀ ọdún ni a sì fi pariwo rẹ̀.

Bí ara ti ń gba ìyà náà ni ọkàn náà ń gbà á. Ilé-ìwòsàn ìjọba tí a ti ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ wà ní Rumuigbo níbí, a sì ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi orúkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ìgbà mìíràn wà tí àárẹ̀ ọkàn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ara àìsùn àti àìsinmi tí a fi ojú kékeré wò. Èmi kò sọ pé igbó ni oògùn àìsàn. Ẹni tí ó bá ń ṣàìsàn, kí ó lọ rí dókítà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ ṣì le, tí ó sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ọdún mẹ́wàá ni òun ti fi sáré láìdúró, òun gan-an ni mo ń bá wí.

Ẹ óò sọ pé, “Bàbá, a ń sinmi. A máa ń lọ sílé.” Ó dára. Ẹ jẹ́ kí á yẹ ìlọ sílé náà wò. Òkú ni a máa ń lọ sin, tàbí ìgbéyàwó ni a máa ń lọ ṣe. Ọjọ́ Ẹtì ni a ó gbéra, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ayẹyẹ, ọjọ́ Àìkú ni ìdúpẹ́, nígbà tí ó bá sì di ọjọ́ Ajé a ti padà sí ẹnu iṣẹ́, ó rẹ̀ wá ju ti ìgbà tí a lọ lọ. Àwọn ọmọ wa yóò rí àtíbàbà, wọn yóò rí aṣọ ẹbí, wọn yóò jẹ ìrẹsì, ariwo gbohùngbohùn yóò sì di wọ́n létí. Ọmọ tí a bí ní Rumuigbo, tí ó ti pé ọdún mẹ́tàlá, lè ti lọ sílé lẹ́ẹ̀mẹfà kí ó má sì tíì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ọ̀nà oko rí. Ó mọ ìsìnkú ilé, kò mọ ilẹ̀ ilé. Bí ó bá dàgbà tán, tí àwa náà sì ti kú, kí ni yóò fà á padà síbẹ̀? Àwọn baba mìíràn tilẹ̀ wà tí wọn kì í fẹ́ lọ rárá, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń wí, bí wọ́n bá ti fi ẹsẹ̀ kan ilé, owó ni ẹnu gbogbo ń bèèrè. Èmi kò bá wọn jà. Mo mọ̀ pé ẹrù náà wúwo. Ìdí nìyí tí mo fi ń wá ọ̀nà kẹta fún yín, èyí tí kì í ṣe ayẹyẹ, tí kì í sì í ṣe sísá fún ẹbí.

Ìlú Ìkógòsì wà ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, kò jìnnà sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, láàrin àwọn òkè tí ó tò tẹ̀ lé ara wọn láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wọ Èkìtì. Inú igbó tí ó wà níbẹ̀ ni omi méjì ti ń sun, ọ̀kan lọ́wọ́ọ́wọ́, èkejì tutù. Ní ọdún 1952, Rẹ́fúrẹ́ńdì John McGee, míṣọ́nnárì Ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, kọ́ àgọ́ kan síbẹ̀ kí àwọn ọ̀dọ́ lè máa rí ibi péjọ fún ìsinmi àti ẹ̀kọ́. Kò gé igbó náà kúrò kí ó tó kọ́lé. Abẹ́ igi ni ó kọ́ ọ sí. Lẹ́yìn náà ni ibẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ ìjọba, nígbà tí Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí sì kọ́kọ́ wà lórí oyè, láti ọdún 2010 sí 2014, a tún un ṣe, a sì fi ilé tuntun kún un. Ṣùgbọ́n igbó náà kò kúrò, omi náà kò sì dúró.

Ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ bí omi náà ti rí, kí ẹ lè ṣàlàyé fún àwọn ọmọ. Kò sí òkè oníná ní Ìkógòsì. Òjò ni ó ń rọ̀ sórí àwọn òkè wọ̀nyí, tí omi rẹ̀ ń gba inú sán-ín-sán-ín àpáta wọlẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ jíjìn. Bí ilẹ̀ ti ń jìn tó ni ó ń móoru tó, nítorí náà omi náà móoru níbẹ̀, ó sì tún rí ihò mìíràn gbà jáde. Ooru rẹ̀ súnmọ́ ti ara ènìyàn, nǹkan bí 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius, débi pé ẹni tí ó bá ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù yóò rò pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kalẹ̀ lórí iná ni. Omi tútù ń ti ọ̀nà tirẹ̀ wá, àwọn méjèèjì sì pàdé, wọ́n jọ ń ṣàn lọ. Àwọn ará ibẹ̀ ní ìtàn tiwọn: wọ́n ní ìyàwó ọkọ kan náà ni omi méjèèjì, ọ̀kan gbóná lára, èkejì ní sùúrù. Ẹ sọ àlàyé ti àpáta fún ọmọ yín, ẹ sì sọ ìtàn ìyàwó méjì náà fún un. Yóò mọ̀ pé àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń wo omi yìí, wọ́n sì ti ń ronú lé e lórí, kí òyìnbó kankan tó dé ibẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé àṣà òyìnbó ni kí ènìyàn fi ilé rere sílẹ̀ kí ó lọ sùn nínú igbó. Rárá o. Àwọn baba wa mọ ahéré, wọ́n sì mọ abà. Ọdẹ a máa fi imọ̀ ọ̀pẹ kọ́ ahéré sínú igbó, a sì máa gbé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí ó tó rí ilé. Àwọn àgbẹ̀ tí ó gbin kòkó ní ilẹ̀ Oǹdó àti Ìdànrè, inú abà ni wọ́n ti tọ́ ọmọ, inú abà ni wọ́n ti rí owó ilé-ìwé tí ó sọ púpọ̀ nínú yín di amọ̀fin, onímọ̀-ẹ̀rọ àti nọ́ọ̀sì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá yín bí ó ti máa ń rí ní abà bí òjò bá ń rọ̀ sórí koríko òrùlé. Ẹ óò rí i pé ojú rẹ̀ yóò yí padà, ìtàn tí kò sọ fún yín rí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Òkè pàápàá kì í ṣe àlejò sí ìran wa. Ní ayé ogun, àwọn òkè ni ó gba ọ̀pọ̀ ènìyàn là. Àwọn Ẹ̀gbá fi abẹ́ Olúmọ ṣe ibi ààbò nígbà tí wọ́n dé Abẹ́òkúta ní nǹkan bí ọdún 1830. Àwọn ará Ìdànrè ní tiwọn fi gbogbo ìlú wọn sí orí òkè fún ọ̀pọ̀ ìran, kìkì ní àwọn ọdún 1920 sí 1930 ni wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ wá sí ibi tí wọ́n wà báyìí. Ẹni tí ó bá gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè lónìí, tí ó ju ẹgbẹ̀ta lọ, yóò rí ààfin àtijọ́, ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ àti ilé-ẹjọ́ àtijọ́ lókè. Láti ọdún 2007 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ ibẹ̀ ránṣẹ́ sí UNESCO pé kí á kà á mọ́ àwọn ibi ogún gbogbo ayé. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá dúró ní ẹsẹ̀ òkè kan ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ lè sọ fún un láìparọ́ pé irú ibẹ̀ ni àwọn baba ńlá rẹ̀ sá di kí ìran wọn má bàa parun.

Ti òyìnbó ni pé wọ́n mọ̀ dájú pé ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní ibi líle gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò ti mí. Àwọn míṣọ́nnárì SIM kọ́ ilé ìsinmi sí Miango, lẹ́bàá Jos, kí àwọn òṣìṣẹ́ wọn lè máa lọ sí ibi tí atẹ́gùn ti tutù. Ní ilẹ̀ Índíà, láti ọdún 1864, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì a máa kó àwọn ọ́fíìsì rẹ̀ lọ sí Simla lórí òkè ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. A sì kà nínú Ìhìn Rere pé Olúwa wa fúnra rẹ̀ a máa yẹra fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, a máa gun orí òkè lọ ní òun nìkan, bẹ́ẹ̀ ni àwọn aláìsàn tí ó ń wá a kò tíì tán. Ẹ ronú sí èyí, ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé iṣẹ́ kò lè dúró.

Nísinsìnyí, kí ni ẹ óò bá níbẹ̀? Ẹ má ṣe retí ọ̀ṣọ́ òtẹ́ẹ̀lì ìlú ńlá. Bí ẹ bá dé, ẹ bẹ àwọn tí ń tọ́jú ibẹ̀ pé kí wọ́n fún yín ní yàrá tí ó súnmọ́ igi, tí ó sì jìnnà sí ẹ̀rọ iná mànàmáná. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú nínú igbó, ó ṣú ní tòótọ́. Ní alẹ́ àkọ́kọ́ ẹ̀rù yóò ba àwọn ọmọ. Wọn yóò gbọ́ ìrẹ̀, wọn yóò gbọ́ ọ̀pọ̀lọ́ ní etí omi, òwìwí yóò ké, wọn yóò sì sá wá bá yín lórí ẹní. Ẹ má ṣe lé wọn padà. Ẹ pa àlọ́ fún wọn. Ní alẹ́ kejì, àwọn ni yóò máa bi yín léèrè pé ẹyẹ wo ni ó ń dún. Ní alẹ́ kẹta, ó ṣeé ṣe kí ọmọkùnrin yín tí kì í bá yín sọ̀rọ̀ mọ́ sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀, nítorí pé kò sí tẹlifíṣọ̀n láàrin yín, ẹ̀yin náà kò sì ní ibi tí ẹ ń sáré lọ. Mo ti rí irú rẹ̀ láàrin àwọn ìdílé tí mo ń tọ́jú: ohun tí baba àti ọmọ kò lè sọ fún ara wọn ní ọdún mẹ́ta nínú ilé kan náà, wọ́n sọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ kan tí ọwọ́ àwọn méjèèjì dilẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ óò fi dá mi lóhùn. Èkíní, owó. Òótọ́ ni, owó kò sí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò iye tí aṣọ ẹbí méjì gbà lọ́wọ́ yín lọ́dún tó kọjá. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, ẹ fi ẹ̀bùn kékeré ránṣẹ́ sí olóyè tàbí olókùú náà, kí ẹ sì fi ìyókù pamọ́ fún ìrìn-àjò yìí. Ẹ béèrè iye owó yàrá kí ẹ tó gbéra. Ìdílé méjì sì lè jọ gba ọkọ̀ kan.

Èkejì, ọ̀nà. Ọ̀nà Benin, Ọ̀wọ̀ àti Àkúrẹ́ ni ẹ óò gbà, kí ẹ tó gba Ìgbárà-Odò wọ Ìkógòsì. Èmi kò ní fi ẹ̀tàn sọ fún yín pé kò sí ewu. Ẹ wádìí lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ tí ń ná ọ̀nà náà, ọ̀sán ni kí ẹ rìn, kí ẹ sì sùn ní Àkúrẹ́ bí ọjọ́ bá lọ. Ìdílé tí Èkìtì bá jìnnà sí jù lè ronú sí òkè Obudu ní Ìpínlẹ̀ Cross River, níbi tí a ti dá ọgbà màlúù sílẹ̀ ní ọdún 1951 lórí òkè tí ó ga ju 1,500 mítà lọ. Òkè ni, igbó ni, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì tutù. Kìkì pé ibẹ̀ kì í ṣe ilé ní tiwa, bí ẹ bá sì lè dé Èkìtì, Èkìtì ni mo yàn fún yín.

Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù: àwọn ará ilé yóò bínú pé ẹ dé ìtòsí, ẹ kò yà. Èyí ni ìmọ̀ràn mi. Ẹ yà. Ẹ lọ kí àwọn àgbà ní ọjọ́ kan, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ fún wọn ní ohun tí agbára yín ká. Lẹ́yìn náà, ẹ mú màmá àgbà tàbí bàbá àgbà wọ ọkọ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí Ìkógòsì pẹ̀lú yín fún alẹ́ mẹ́ta. Ó ti ń fi ọ̀pọ̀ ọdún rí yín ní ìwọ̀n wákàtí méjì, láàrin èrò. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó sí etí omi lọ́wọ́ọ́wọ́ yẹn, kí ó ti ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ń ro ó bọ̀ ọ́, kí àwọn ọmọ yín sì jókòó tì í. Òun ni yóò sọ orúkọ igi fún wọn, nítorí ẹ̀yin náà kò mọ̀ wọ́n mọ́. Òun ni yóò sọ ibi tí abà bàbá rẹ̀ wà. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ óò lọ sílé nítorí rẹ̀ pẹ̀lú àtíbàbà àti aṣọ ẹbí, kò sì ní lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ náà. Ẹ̀yin ará mi, ìmúra fún ọjọ́ náà ni a mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ẹ náwó díẹ̀ lé ìyá yín lórí nígbà tí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ẹ lọ gẹ́gẹ́ bí àlejò. Ẹ má ṣe gbé gbohùngbohùn lọ sínú igbó. Ẹ mú aṣọ ìbora nítorí òtútù òwúrọ̀, ẹ mú iná ìléwọ́ àti bàtà tí kì í yọ̀ lórí òkúta. Ẹ má ṣe da ọ̀rá sínú omi. Ẹ ra iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ àwọn obìnrin ìlú náà, ẹ má ṣe yọ wọ́n lẹ́nu jù lórí iye tí wọ́n bá pè. Ilé inú igbó kì í pẹ́ bàjẹ́: ikán wà níbẹ̀, ọ̀rinrin wà níbẹ̀, igbó sì ń fẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀ padà. Ẹsẹ̀ àlejò ni ó ń mú kí á máa tún un ṣe. Bí àwa tí a ni ilẹ̀ náà kò bá lọ síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ yà sí ẹnu ní ọjọ́ tí a bá gbọ́ pé ó ti wó.

Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan tí ó ń gbọ́ mi jókòó ní alẹ́ òní, kí wọ́n mú kàlẹ́ńdà, kí wọ́n wo ìgbà tí ilé-ìwé yóò wà ní ìsinmi, kí wọ́n sì fi àmì sí ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ pe màmá ní orí fóònù kí ẹ tó sùn, kí ẹ bi í bóyá yóò bá yín lọ. Kí Ọlọ́run tí ó dá àwọn òkè máa ṣọ́ àlọ yín àti àbọ̀ yín. Kí ó fún àwọn arúgbó wa ní ẹ̀mí gígùn, kí ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn odi mọ ilẹ̀ tí ó bí wọn. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ẹ sun re o.